Sọ́bísídì oníwàrà: ṣé orí màálù ni wọ́n máa kà ni àbí lítà?

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ará Àkúrẹ́ tẹ́ ẹ ń sin màálù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá mi lóhùn, àbúrò yín ni mí. Ẹ̀gbọ́n mi kan tó wà ní Jámánì ló sọ fún mi pé ìjọba ọ̀hún máa ń sanwó fáwọn oníwàrà lọ́dọọdún, ọjà tà o, ọjà ò tà o. Èmi ní ilẹ̀ éékà mẹ́rin lọ́nà Ìgbàtọ́rọ̀, mi ò tíì ní màálù kankan síbẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ẹnì kan pè mí pé owó ìrànwọ́ oníwàrà ti fẹ́ jáde, kí n yára wá ra fọ́ọ̀mù, pé iye màálù tí mo bá kọ síbẹ̀ ni wọ́n máa fi ṣírò owó tèmi. Ṣé kí n rà á? Kí ló sì dé tí ìjọba tiwa ò kúkú máa sanwó bíi ti Òyìnbó kí gbogbo wa sinmi?

* * *

Má rà á. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìyẹn ná ká tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti fèsì sábẹ́ ìbéèrè yìí náà, mo máa dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan. Fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ tí wọ́n bá ti ń tà, ẹni tó ń tà á ló ń ràn lọ́wọ́. Èmi tí mò ń kọ eléyìí, màálù mọ́kànlá ni mo ní lẹ́yìn Ọ̀bà-Ilé níbí, mẹ́rin ló ń fún wa ní wàrà lọ́wọ́lọ́wọ́, mo sì ti ra fọ́ọ̀mù lẹ́ẹ̀mejì láyé mi. Èkejì yẹn, wọ́n gba fọ́tò pásípọ́ọ̀tù mẹ́rin, wọ́n gba ìwé owó orí ọdún mẹ́ta, wọ́n ní kí n lọ ṣí àkáǹtì tuntun ní báǹkì tí wọ́n dárúkọ, mo lọ ṣí i. Títí dòní, àlẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo tó ń wọlé láti àkáǹtì yẹn ni ti owó tí báǹkì ń yọ.

Ìbéèrè kejì yẹn ló gba àlàyé. Ẹ̀gbọ́n ẹ ò parọ́, ó kàn gé e kúrú ni. Ọdún 1962 ni àwọn ará Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ ètò àgbẹ̀ alájọṣe tí wọ́n ń pè ní CAP. Bí wọ́n ṣe kọ́kọ́ ń ṣe é ni pé wọ́n dá iye kan lé wàrà, tí ọjà bá já wálẹ̀ ju iye yẹn lọ, ìjọba fúnra ẹ̀ á ra bọ́tà àti wàrà oníyẹ̀fun tó ṣẹ́kù, á kó o pamọ́. Àgbẹ̀ wo lo máa sọ ìyẹn fún tí kò ní fún màálù ẹ̀ títí ọmú á fi gbẹ? Nígbà tó fi máa di àwọn ọdún 1980, bọ́tà ti kún ilé ìkẹ́rù wọn débi pé "òkè bọ́tà" làwọn èèyàn ń pè é. Lọ́dún 1984 wọ́n bá pààlà sí i, kálukú pẹ̀lú iye wàrà tó gbọ́dọ̀ fún, tó o bá kọjá ẹ̀ wàá san owó ìtanràn. 2015 ni wọ́n tó gbé ààlà yẹn kúrò.

Èyí tí wọ́n ń san báyìí, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe orí wàrà mọ́. Láti 1992 ni wọ́n ti ń yí i díẹ̀díẹ̀, nígbà tí wọ́n sì tún un tò ní 2003, wọ́n já èyí tó pọ̀ jù nínú owó náà kúrò lára màálù, wọ́n so ó mọ́ ilẹ̀. Bí ilẹ̀ ẹ bá ṣe tóbi tó lowó ẹ ṣe máa tó. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń jà lé e lórí lọ́hùn-ún, pé nínú 100 Euro, bíi 80 ń lọ sápò àgbẹ̀ 20 nínú 100. Éékà mẹ́rin tìẹ yìí, bó bá jẹ́ Jámánì ló wà, owó tó máa kàn ẹ́ ò ní tó nǹkan.

* * *

Ẹni tó ní kí n fi Yúróòpù sílẹ̀ kí n wo Amẹ́ríkà, mo ti gbọ́.

Ti Amẹ́ríkà dà bí ìnṣọ́ránsì. DMC ni wọ́n ń pè é, òfin àgbẹ̀ wọn ti 2018 ló gbé e jáde. Wọ́n á mú iye tí wàrà tà lóṣù yẹn, wọ́n á yọ owó oúnjẹ màálù kúrò, èyí tó ṣẹ́kù ni wọ́n máa ń wò. Tó bá ti wálẹ̀ ju iye tí àgbẹ̀ ti yàn tó sì ti sanwó lé lórí ṣáájú, ìjọba á dí àlàfo yẹn fún un. Iye tó ga jù téèyàn lè yàn ni dọ́là 9.50 lórí wàrà tó wọ̀n tó ọgọ́rùn-ún páùn. Tọ́jà bá ń lọ dáadáa o ò ní gba kọ́bọ̀. Tiwọn yẹn wù mí díẹ̀, torí ó yé wọn pé oúnjẹ ló ń pa oníwàrà. Láti August 2021 tí Akeredolu ti fọwọ́ sí òfin pé kí màálù má jẹ̀ kiri mọ́ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, èmi tí mi ò da màálù rí náà mọ̀ ọ́n lára, torí àwa tá à ń wá ẹ̀ẹ̀sún àti èèpo ẹ̀gẹ́ ti pọ̀ sí i. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí àwọn màmá tó ń yan gààrí máa ń bẹ̀ wá pé ká wá kó kúrò níwájú àwọn, àpò-àpò ni wọ́n ń tà á báyìí, o sì tún máa kí wọn dáadáa kí wọ́n tó tà á fún ẹ.

Àmọ́ ẹ gbé e wá síbí ẹ wò ó. Ta ló máa sọ fún wọn l'Ábújá iye tí dúsà tá a fi ń bọ́ màálù ń tà lóṣù kan? Iye tí mo rà á láàárọ̀ ní Ṣàṣà kọ́ ni mo máa bá nírọ̀lẹ́. Àti pé Amẹ́ríkà yìí kan náà, lọ́dún 1986, nígbà tí wàrà pọ̀ jù fún wọn, ìjọba ń sanwó fáwọn àgbẹ̀ pé kí wọ́n kó gbogbo màálù wọn lọ pa, kí wọ́n má sì sin màálù wàrà fún ọdún márùn-ún. Tí wọ́n bá gbé irú ẹ̀ wá síbí, ẹni tí ò ní màálù rí ló máa kọ́kọ́ gbowó pé òun ti fiṣẹ́ sílẹ̀.

* * *

Ẹ jẹ́ ká sọ ti orí kíkà yìí, mo rí i pé ọ̀pọ̀ yín fara mọ́ ọn. Ẹ ní màálù ò ṣeé kì bọ àpò, pé kí wọ́n wá kà á kí wọ́n sanwó.

Ó dáa. Lọ́dún kan báyìí, wọ́n ní àwọn kan ń bọ̀ wá yẹ oko wò, mi ò ní sọ ibi tí wọ́n ti wá. Ẹnì kan tí oko ẹ̀ ò jìnnà sí tèmi ti kọ màálù ogún sínú fọ́ọ̀mù, mẹ́fà ló ní. Ó bá lọ yá mẹ́rìnlá ní gáà, owó ọjọ́ kan ló san, ó ní kí ọmọdékùnrin tó ń dà wọ́n jókòó sẹ́yìn ilé kó má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rí òun. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n dá, aago kan ọ̀sán kọjá kí wọ́n tó dé. Òùngbẹ ti ń gbẹ màálù, ebi ti ń pa ọmọ náà. Ibi tí ẹni tó mú bírò ti ń kà á, "mẹ́jọ, mẹ́sàn-án", ọmọ náà jáde lẹ́yìn ilé, ó kàn súfèé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni o, mẹ́rìnlá dìde, wọ́n tò tẹ̀lé e gba ẹnu géètì jáde, wọ́n gba àárín àwọn àlejò kọjá. Ó wá ku mẹ́fà tó ń jẹ àpọ̀jẹ tiwọn. Onítọ̀hún ní "wọ́n fẹ́ lọ mumi ni sà." Ẹni tó mú bírò rẹ́rìn-ín, ó kọ 20. Èmi tí mo kọ iye tí mo ní gan-an, wọ́n ní mi ò tíì kún ojú òṣùwọ̀n.

Ká tiẹ̀ ní kò sí ẹni tó yá màálù. Orí màálù ò sọ nǹkan kan nípa wàrà. Màálù funfun àwọn Fúlàní tá a mọ̀, tọ́mọ ẹ̀ bá ti mu tiẹ̀ tán, lítà kan sí méjì ló kù fún ẹ lóòjọ́. Friesian ti Òyìnbó, tó bá róúnjẹ jẹ tára ẹ̀ sì dá, ogún lítà ò tó nǹkan lójú ẹ̀. Tèmi tó jẹ́ àmúlùmálà àwọn méjèèjì, méje sí mẹ́jọ lọ́jọ́ tínú ẹ̀ bá dùn. Tẹ́ ẹ bá wá san iye kan náà lórí gbogbo wọn, ìwo lẹ sanwó fún.

* * *

"Wọ́n máa kó owó wa fáwọn Fúlàní nìyẹn."

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí máa débí. Mi ò ní bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí, màálù ti jẹ ẹ̀gẹ́ mi rí, odidi éékà kan ààbọ̀, mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn. Àmọ́ wàrà tẹ́ ẹ̀ ń rà ní Ọjà Ọba, tí wọ́n fi ewé bomubomu dì, tẹ́ ẹ gé sí wẹ́wẹ́ tẹ́ ẹ dín pẹ̀lú ata, ta ló fún un? Ṣé èmi ni? Èmi tí mo ní ìwé ilẹ̀ tí mo sì mọ fọ́ọ̀mù kọ, wàrà mi lóòjọ́ ò tó èyí tí ilé mẹ́ta ní gáà kan ń gbé wá sọ́jà Ògbèsè.

Ibi tí ọ̀rọ̀ sì ti le jù lẹ ò tíì dé. Ní gáà, ọkùnrin ló ni màálù, obìnrin ló ni wàrà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ìyá kan wà tí mo máa ń rà lọ́wọ́ ẹ̀ nígbà tí tèmi ò bá tó, mo ti jókòó tì í láàárọ̀ rí. Ó gbé ìkòkò kaná, iná wẹ́rẹ́ ni, kò jẹ́ kó hó. Ó já ewé bomubomu, ó gún un, ó sẹ́ omi ẹ̀ sínú wàrà yẹn, ó wá ń fi ṣíbí onígi gba etí ìkòkò yí i, jẹ́jẹ́. Lẹ́ẹ̀kan náà ló pín sí méjì, tó dì sókè bí òwú, omi ẹ̀ tó dà bí ewé tútù wà nísàlẹ̀. Ó fọwọ́ tọ́ omi yẹn wò, ó ní kò tíì tó. Owó ọjà yẹn ló fi ń ra iyọ̀ àti ọṣẹ, òun náà ló ń fi san owó ilé kéwú ọmọ. Ọkọ ẹ̀ ò bi í ní iye tó tà.

Ẹ wá sọ fún mi. Tẹ́ ẹ bá sanwó lórí màálù, ọwọ́ ta lẹ kó o sí? Ọwọ́ bàbá. Bàbá á fi ra màálù sí i, torí ohun tówó wà fún lójú ẹ̀ nìyẹn, a ò sì ní rí lítà kan lé. Tẹ́ ẹ bá sanwó lórí lítà, ìyá ló máa gbé e dé ibi ìwọ̀n, ìyá ló máa gbowó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní mò ń gbè sẹ́yìn Fúlàní, ìyá yìí ni mò ń gbè sẹ́yìn ẹ̀, ó jẹ mí ní ṣéńjì lọ́sẹ̀ tó kọjá gan-an tí kò tíì fún mi.

* * *

Arákùnrin tó ní kí ìjọba má san kọ́bọ̀ fẹ́nì kankan, pé New Zealand gé tiwọn ní 1984 tí wọn ò kú: òótọ́ lẹ sọ, wọn ò kú, àwọn àgbẹ̀ tó kógbá sílé níbẹ̀ ò pọ̀ bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rù. Àwọn yẹn ní koríko látọdún dọ́dún, wọ́n ní ọ̀nà, iná ò ń ṣẹ́jú, ilé iṣẹ́ tó ń sọ wàrà di ìyẹ̀fun wà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ fúnra wọn kí wọ́n tó gé e. Ẹ yọ ọ̀pá lọ́wọ́ ẹni tó ti mọ̀ ọ́n rìn, ó máa rìn. Ọ̀stréléyà náà gé tiwọn ní 2000, ẹ ò sì sọ pé wọ́n fi sẹ́ńtì mọ́kànlá lé orí gbogbo lítà tí àwọn èèyàn ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, kí wọ́n lè rówó fún àwọn àgbẹ̀ tọ́rọ̀ náà máa ṣubú lù.

Àti pé ta la fẹ́ bá díje níbí? Wàrà oníyẹ̀fun tí wọ́n ń kó wọlé nínú àpò ńlá, 5 nínú 100 péré lowó kọsítọ́ọ̀mù ẹ̀ ní gbogbo ECOWAS. Òmíì nínú ẹ̀, wọ́n ti yọ ọ̀rá wàrà kúrò fi ṣe bọ́tà tiwọn, wọ́n wá fi epo ọ̀pẹ rọ́pò ẹ̀. Epo ọ̀pẹ o, àwa tá a wà nítòsí Òkìtìpupa! Ní February 2020, CBN ní kóńpìnì mẹ́fà péré ló lè gba dọ́là kó wàrà wọlé, pé kí wọ́n lọ máa ṣe é nílé. Ní October 2023 CBN yìí kan náà gbé irú òfin dọ́là bẹ́ẹ̀ kúrò lórí ọjà 43. Ẹni tó bá ra màálù olówó ńlá torí ìkéde 2020, ẹ bi í báwo ni.

* * *

Ẹnì kan ní kí n yé pe orúkọ sọ́bísídì, pé láti May 29, 2023 tí wọ́n ti ní sọ́bísídì epo ti lọ ni àyà òun ti ń já tóun bá gbọ́ ọ. Àforíjì. Àmọ́ ẹ má sọ pé kò sí èyí tó dé ọwọ́ àgbẹ̀ rí. Ní 2012, nígbà tí Adesina ń ṣe mínísítà, wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àgbẹ̀ pé kó lọ gba ajílẹ̀ àpò méjì ní ìdajì owó. Ìyá mi gbà á. Kò mọ̀wé, èmi ni mo ka ọ̀rọ̀ orí fóònù yẹn fún un. Ìdí tó fi dé ọwọ́ ẹ̀ ni pé ọjà ni wọ́n fún un, ó sì fúnra ẹ̀ lọ gbé e.

* * *

Ẹ bi mí pé kí ni mo wá fẹ́ gan-an. Mo fẹ́ ti Íńdíà.

Ọdún 1946 làwọn àgbẹ̀ kan ní Anand, ní ìpínlẹ̀ Gujarat, kóra jọ torí pé àwọn tó ń ra wàrà lọ́wọ́ wọn ń rẹ́ wọn jẹ. Wọ́n dá alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, Amul tí gbogbo ayé mọ̀ báyìí nìyẹn, Verghese Kurien ló wá darí ẹ̀ nígbà tó yá. Lọ́dún 1970 ìjọba wọn gbé ètò kan jáde tí wọ́n ń pè ní Operation Flood, kó lè dé àwọn ìlú tó kù. Ibi tí wọ́n ti rówó ló pa mí lẹ́rìn-ín: bọ́tà àti wàrà oníyẹ̀fun tó pọ̀ jù fún Yúróòpù tí mo sọ lókè yẹn, wọ́n fi ta Íńdíà lọ́rẹ, àwọn yẹn ò pín in kiri, wọ́n tà á, wọ́n fowó ẹ̀ ra táńkì tútù àti ọkọ̀, wọ́n kọ́ ilé ìgba-wàrà. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ẹni tó ní màálù kan ṣoṣo á gbé lítà méjì ẹ̀ wá, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á yẹ ọ̀rá inú ẹ̀ wò, bó bá ṣe dáa tó ni wọ́n á ṣe sanwó. Wọn ò bi í ní iye màálù tó ní.

Ìdí tí mo fi ń pariwo táńkì rèé. Oṣù kẹta ọdún tó kọjá, wàrà lítà ọgbọ̀n, mo ti bá oníyọ́gọ́ọ̀tì kan ní Ìjàpọ̀ sọ̀rọ̀, ó ní òun á gbà á laago mẹ́jọ. Iná ò sí láti àná ẹ̀, jẹnẹrétọ̀ ní òun ò ní ṣiṣẹ́, mo ní kò burú, àárọ̀ ni, a máa tètè dé. Táyà ọ̀kadà bẹ́. Ká tó rí fọkanáísà, aago mẹ́wàá kọjá, oòrùn ti wà lórí kẹ́ẹ̀gì. Nígbà tí mo ṣí ọmọrí, atẹ́gùn ló kọ́kọ́ jáde, fíì, bí ẹni ṣí mínírà. Mo tẹ̀ ẹ́, mo rí i tó ń rọra já sára kẹ́ẹ̀gì, ó ti ń dì bí ògì tí wọn ò yí. Obìnrin yẹn ò tiẹ̀ jẹ́ kí n gbé e sọ̀ kalẹ̀. Lítà ọgbọ̀n, ajá àwọn ará àdúgbò ló mu ún. Ká ní wọ́n san owó orí màálù mọ́kànlá fún mi lọ́jọ́ yẹn, ajá náà ló ṣì máa mu ún.

Àwọn kan ti ń ṣe bí èyí lápá ibòmíì. Kóńpìnì FrieslandCampina WAMCO ti ń gba wàrà lọ́wọ́ àwọn ará gáà lápá Ìsẹ́yìn láti 2010. Ní Ìkún Èkìtì níbí, ìjọba Èkìtì àti kóńpìnì oníwàrà Promasidor jọ jí oko wàrà tó ti kú dìde. Lọ́dọ̀ tèmi, ọkọ̀ agbawàrà ò kọjá rí.

* * *

"Tí wọ́n bá ń sanwó lórí lítà, omi la máa bù sí i."

Ha, a ti ń bù ú! Ẹ̀rọ kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní laktómítà, ìgò gígùn kan tó ń léfòó ni, wàrà gidi máa ń gbé e dúró nítòsí 1.030, tó bá ti rì wálẹ̀ díẹ̀, omi ti wọ ọ́. Àwọn ọlọ́gbọ́n bá ń po ìyẹ̀fun mọ́ ọn kó lè tún ki. Ìyẹn náà, ẹ kán áyódíìnì sí i, á pọ́n búlúù, ojú á ti onítọ̀hún níwájú gbogbo èèyàn. Jìbìtì inú kẹ́ẹ̀gì ṣeé mú láàárọ̀ kan. Èyí tí wọ́n ṣe sínú ìwé, ẹ ṣì ń dúró de kọmíṣàn tó máa wádìí ẹ̀.

* * *

Àbúrò, mo padà sọ́dọ̀ ẹ, torí o tún kọ ọ́ pé ẹni yẹn ní àǹfààní ti ń kọjá lọ. Kò síbi tó ń lọ. Láti July 2024 tí wọ́n ti dá iléeṣẹ́ ìjọba ọ̀tọ̀ sílẹ̀ l'Ábújá fún ẹran ọ̀sìn ni àwọn atafọ́ọ̀mù ti pọ̀ bí eégbọn. Fi owó fọ́ọ̀mù gbin ẹ̀ẹ̀sún sí éékà kan nínú mẹ́rin yẹn kójò tó dá. Màálù ni kó o fi ṣe ìgbẹ̀yìn, tó o bá sì fẹ́ rà, abo méjì tó ti bímọ rí, má ra ọmọge tí wọ́n ní "ó máa lóyún láìpẹ́".

O ní o fẹ́ wá wo tèmi ní Sátidé. Aago márùn-ún ààbọ̀ la máa ń fún un, má dé laago mẹ́sàn-án kó o ní wàrà dà. Tó o bá fẹ́ gbé díẹ̀ lọ sílé, mú kẹ́ẹ̀gì tìẹ dání, kó jẹ́ tuntun, èyí tó ti gbé epo pupa rí ò lè gbé wàrà, bó ti wù kó o fọ̀ ọ́ tó.